Ta Ló Ń Wúkọ́ Nílé Yín?

Lọ́jọ́ tí dókítà ní kí wọ́n wá gbọ́ ohun tó ń ṣe Télọ̀, ìyá rẹ̀ kò dúró kí ojúmọ́ mọ́ dáadáa. Ó ti wà lẹ́yìnkùlé lórí àpótí pákó rẹ̀, ó fi orí ti ìhà Pupa, ó ń fún wàrà sínú garawa. Gbogbo àdúgbò ló ń pe obìnrin yìí ní Ìyá Oníwàrà, àfi ọkọ rẹ̀ tó ń pè é ní Ìyá wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ló bí fún un. Pupa ni màlúù tó ń gbọ́ bùkátà ilé náà. Àwọn màlúù yòókù wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ń jẹ koríko, wọ́n ń fi ìrù lé eṣinṣin, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá di ti wàrà, Pupa nìkan ló ń ṣiṣẹ́, àwọn tó kù kàn ń bá a kẹ́gbẹ́ ni.

"Pẹ̀lẹ́, ìyá mi," ni Ìyá Oníwàrà sọ nígbà tí ẹran náà wúkọ́, tí ara rẹ̀ gbọ̀n láti ọrùn dé ìdí. Ó nu itọ́ tó ta sí i léjìká, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ife àkọ́kọ́ kì í ṣe ti oníbàárà. Ife onírin funfun kan wà tí wọ́n fi ọ̀dà búlúù yí etí rẹ̀ ká, Télọ̀ ló sì ni ín láti kékeré. Àárọ̀ àárọ̀ ni ìyá rẹ̀ máa ń bu wàrà sínú rẹ̀ kí ó tó bu fún ẹnikẹ́ni, pẹ̀lú ìfófòó lórí rẹ̀ àti ìgbóná ara ẹran tí kò tíì kúrò lára rẹ̀, á sì gbé e wọlé lọ fún un. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ó ti fi ti ìrọ̀lẹ́ kún un. Kò gbé e kaná rí. Ohun tí wọ́n fi ń polówó ọjà wọn láti ayé ìyá ọkọ rẹ̀ ni pé wàrà tiwọn kò fojú kan iná. Wọ́n ní iná máa ń pa agbára inú rẹ̀, pé àwọn tó ń se wàrà kí wọ́n tó tà á, omi ni wọ́n dà sí i, tí wọ́n fẹ́ fi iná bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ti fi irú àwọn bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ títí nínú ilé yẹn.

Télọ̀ wà lórí ibùsùn, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rí tín-ín-rín, eegun ọrùn rẹ̀ ti yọ síta, ikùn rẹ̀ nìkan ló ń sanra. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí òpópónà, aṣọ oníbàárà kan ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tí kò lè jókòó mọ́. Ó mu wàrà náà dé ìdajì, ó sì fi ọwọ́ di ikùn mú.

"Inú ń lọ́ mi, Ìyá."

"Mu ún tán," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ohun tó máa gbé ẹ ró nìyẹn."

Ó mu ún tán.

Ayé kò lójú àánú fún ikùn obìnrin. Tí ikùn ọkùnrin bá yọ, wọ́n á ní nǹkan ti ń ṣẹnuure fún un. Tí ti ọmọge bá yọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù. Àfẹ́sọ́nà Télọ̀ jẹ́ tíṣà kan tí ìjọba gbé lọ kọ́ni ní ìlú tó jìnnà, kò sì tíì fẹsẹ̀ kan àdúgbò náà láti nǹkan bí ọdún kan. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ikùn yìí dùn lẹ́nu wọn. Bí àìsàn bá jẹ mọ́ ọn, adùn rẹ̀ á dín kù, nítorí náà kò sí ẹni tó fẹ́ kó jẹ́ àìsàn.

Bàbá Télọ̀ kò bá wọn lọ sí ọsibítù. Ó ní òun kò lè jókòó níwájú ọmọdé kan tó wọ aṣọ funfun kí ó máa kí òun kú oríire ọmọ-ọmọ tí òun kò mọ bàbá rẹ̀. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin tẹ̀ lé wọn, kí ìyá àti ọmọ má baà lọ gbọ́ nǹkan kan kí wọ́n wá sọ òmíràn. Eyínafẹ́ ni Ìyá Oníwàrà sọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ yìí nígbà tí ó jẹ́ ìyàwó tuntun. Nígbà náà, eyín kún ẹnu rẹ̀, ó sì funfun. Ní báyìí, èyí tó kù níbẹ̀ kò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń géni jẹ dáadáa.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ́ kí wọ́n tó pè wọ́n. Dókítà náà kéré lóòótọ́, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n fún àìsùn, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Kì í ṣe oyún," ni ó wí. "Ikọ́ ife ni. Inú ìfun ló wà, ó sì ti ran ẹ̀dọ̀. Omi ló kún ikùn rẹ̀ yẹn."

Ó ṣàlàyé fún wọn pé nígbà tí àwọn wo inú rẹ̀, àwọn rí kókó wẹ́wẹ́ bí hóró ìrẹsì lára ìfun àti lára ẹ̀dọ̀. Ó ní ara ló mọ ògiri yí kòkòrò àìsàn náà ká kí ó má baà rìn kiri, ògiri ọ̀hún ló wá di kókó, tó wá ń dí oúnjẹ lọ́nà. Ó ní oògùn rẹ̀ wà. Ojoojúmọ́ ni yóò máa lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò sì gbọdọ̀ pa ọjọ́ kankan jẹ, nítorí bí ó bá ń lò ó tí ó tún ń fi sílẹ̀, àìsàn náà á mọ oògùn lójú, kò sì ní gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Tí kò bá lò ó, ikú ni. Ó sọ ìyẹn náà láìgbé ojú kúrò lára wọn.

Ọkàn Ìyá Oníwàrà wálẹ̀. Gbogbo ohun tí ó gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé oògùn wà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ fún ọmọkùnrin yẹn níbẹ̀.

Eyínafẹ́ ni kò tíì gbà. Ó ní kí dókítà má bínú, ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò wúkọ́ rí, ojú òun ló ṣe dàgbà, òun kò gbọ́ ikọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Dókítà dáhùn pé orúkọ lásán ni, pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní ikọ́ ife ló ń wúkọ́, pé ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà mọ́ tónítóní. Eyínafẹ́ ní háà, ó wo ìyàwó àbúrò rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ojú, ó sì pa ẹnu mọ́. Bí ẹ bá mọ obìnrin náà, ẹ óò mọ̀ pé ó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ dilé ni.

Nọ́ọ̀sì tó wọn oògùn fún wọn béèrè ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ní àìsàn náà.

"Ta ló ń wúkọ́ nílé yín?"

Eyínafẹ́ ní ìdílé àwọn kì í ṣe ìdílé oníkọ́. Nọ́ọ̀sì kọjú sí Ìyá Oníwàrà. Ó rò ó dáadáa, nítorí ó fẹ́ sọ òtítọ́. Ọkọ rẹ̀ kì í wúkọ́. Òun náà kì í wúkọ́. Eyínafẹ́ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, bí ó bá ń wúkọ́ ni, ì bá ti sọ fún gbogbo ayé. Ó ní kò sẹ́ni tó ń wúkọ́ nílé àwọn. Nọ́ọ̀sì na àpò bébà tí hóró oògùn kún inú rẹ̀ sí i, ó ní kí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ lónìí kí ó tó jẹun alẹ́, ó sì pe ẹni tó kàn.

Bí wọ́n ti ń darí bọ̀, onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì ilé wọn dá abẹ dúró lórí oníbàárà rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ikùn Télọ̀ títí wọ́n fi wọlé. Ìyá Oníbúrẹ́dì tó ń patẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí wọn kú ìrìn, ó ní ṣé ara ọmọ wọn ti yá, ojú tirẹ̀ náà kò sì sí lójú ẹni tó ń kí. Télọ̀ fi ìborùn rẹ̀ bo iwájú.

Bàbá Télọ̀ wà nídìí oúnjẹ. Ìrẹsì àti ẹ̀wà tí ìyàwó rẹ̀ sè sílẹ̀ kí ó tó jáde ló ń jẹ, ó sì ti ya ẹran inú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìgbẹ̀yìn. Eyínafẹ́ kò tíì tú gèlè tí ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, kò fi ọ̀kan kún un, ó kàn sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín ni.

"Ó ní ikọ́ ife ni. Ó kù díẹ̀ kí n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ife wo. Ṣé ife tí a fi ń mumi ni àbí ife tí a fi ń mu wàrà?"

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ̀rín tán. Ó ní òun kò kàwé, ṣùgbọ́n òun gbọ́ èdè bàbá òun. Ikọ́, ẹnu ni a fi ń wú u, a kì í wú u níkùn. Dókítà tó bá lè pe ẹni tí kò wúkọ́ ní oníkọ́, wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ kí ó bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni, òun sì mọ ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Ó ní oògùn tó wà nínú àpò bébà yẹn, kí àbúrò òun má rò pé oògùn ikọ́ ni. Oògùn tí wọ́n ń fún ọmọge tó bá sáré wá sí ọsibítù pẹ̀lú ìyá rẹ̀, gbogbo ayé ló mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Bàbá Télọ̀ jẹun dé ìdí àwo, ó jẹ ẹran rẹ̀, ó fọwọ́. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ tútù náà sí ìyàwó rẹ̀.

"Gbé e wá."

Ìyá Oníwàrà ní, Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ní bí kò bá lò ó, ikú ni. Ọkọ rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan, tàbí ó gbọ́. Ó gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í mọ́ inú àpótí onírin tó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ó ní wọn kò ní ṣẹ́yún nílé òun. Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀ tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ní kí ó dárúkọ ọkùnrin náà.

"Bàbá, mi ò mọ ọkùnrin kankan," ni Télọ̀ wí.

Ìyá rẹ̀ ti bu oúnjẹ síwájú rẹ̀ nígbà yẹn. Bàbá tẹ̀ síwájú, ó gbé àwo náà kúrò, ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ti rántí bàbá ọmọ rẹ̀ ni yóò jẹun níbí. Eyínafẹ́ gba àwo, ó sì jẹ ẹ́, kò tilẹ̀ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Télọ̀ kò lè jẹ ju ṣíbí díẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó dun ìyá rẹ̀ jù ni bó ṣe ń wo ṣíbí obìnrin náà tó ń lọ tó ń bọ̀.

Ìyá Oníwàrà fà á lọ́wọ́ lọ sí yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Kí n má parọ́ fún yín, òun náà ti ń wo ikùn yẹn láti òwúrọ̀. Ọ̀rọ̀ àdúgbò ti wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ó tẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbí, òun kò ní bínú, kí ó sọ òótọ́ fún òun.

Télọ̀ wò ó pẹ́.

"Ẹ̀yin náà, Ìyá?"

Ó yí ojú sí ògiri. Ìyá rẹ̀ jókòó sí etí ibùsùn fún ìgbà díẹ̀, ó fẹ́ fọwọ́ kàn án léjìká, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà. Nígbà tí ó yá, ó dìde, nítorí àsìkò àtifún wàrà ìrọ̀lẹ́ ti tó, ẹran kì í sì í dúró de ẹkún ẹnikẹ́ni.

Ó gbé ife ọmọ rẹ̀ dání lọ sí ẹ̀yìnkùlé bí ìṣe rẹ̀, ó gbé e ka orí kùkùté igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jókòó, ó fi orí ti ìhà Pupa. Wàrà bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú garawa. Kò pẹ́ tí ẹran náà fi wúkọ́, ikọ́ gbígbẹ tó le, tó gbọn àpótí tí obìnrin náà jókòó lé, itọ́ sì ta sí i lọ́rùn. Ìyá Oníwàrà la ẹnu láti ní pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde.

Ta ló ń wúkọ́ nílé yín?

Ta ni nọ́ọ̀sì wí. Kò ní kí ni. Òun náà sì ka gbogbo ẹni tó ń sùn lábẹ́ òrùlé wọn, kò rántí ka àwọn tó ń sùn lẹ́yìnkùlé. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lára ọmú màlúù. Ó rántí Dúdú, màlúù tí wọ́n tà fún alápatà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òun náà wúkọ́ títí ó fi rù kan eegun. Alápatà máa ń fi ẹ̀dọ̀ ta ẹni tó bá ta ẹran fún un lọ́rẹ. Lọ́jọ́ Dúdú, ọkọ rẹ̀ re ọ̀dọ̀ alápatà, ó sì dé lọ́wọ́ òfo, ó ní òun kò fẹ́ràn ẹ̀dọ̀ mọ́. Òun fi í rẹ́rìn-ín nígbà náà pé ọjọ́ ogbó ti ń dé sí i lẹ́nu. Kókó wẹ́wẹ́ bí hóró ìrẹsì, dókítà wí. Lára ìfun àti lára ẹ̀dọ̀.

Ó wo ife tó wà lórí igi, funfun, etí rẹ̀ búlúù. Ikọ́ ife. Eyínafẹ́ ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ife wo. Ife tó wà níwájú rẹ̀ yẹn ni, òun ló sì ń bu ún, òun ló ń gbé e wọlé, òun ló ń dúró tì í títí ọmọ yóò fi mu ún tán. Ìyá Oníwàrà kò sunkún. Ẹkún ì bá ti ṣe é láǹfààní díẹ̀, kò wá.

Ọkọ rẹ̀ wà nínú yàrá iwájú, ó ń lọ́ okùn tí wọ́n fi ń so ẹran. Ìyàwó rẹ̀ lọ dúró níwájú rẹ̀.

"Bàbá wọn, kí ni alápatà fi hàn yín nínú Dúdú?"

"Dúdú wo?"

"Dúdú tí ẹ tà. Nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀."

Okùn náà dá dúró lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Kò béèrè ohun tí ó ní lọ́kàn. Kò ní ọ̀rọ̀ kí nìyẹn, kò ní orí rẹ ti dàrú. Ó kàn jókòó, ó ń wo okùn. Ìgbà tí ó pẹ́ tí kò sọ nǹkan kan ni ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé ó ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ó mọ̀ pé ẹran ń ṣàìsàn, ó sì ń wo ife wàrà tó ń wọlé lọ bá ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Bóyá kò so méjèèjì pọ̀. Bóyá ó so wọ́n pọ̀, tí ó sì tún tú wọn.

Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Ta lo tún sọ fún?"

Ó ní òun kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Bí ó bá jẹ́ pé ó pariwo mọ́ ọn ni, ì bá sàn. Ó fi pẹ̀lẹ́tù bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá aya rẹ̀ gbèrò. Ó ní bí àdúgbò bá gbọ́ nǹkan yìí, àwọn tán. Àwọn wolé-wolé yóò wá, wọn yóò pa gbogbo ẹran tó wà lẹ́yìnkùlé, wọn yóò sì dáná sun wọ́n lójú àwọn. Gbogbo ẹni tí inú ti ń run láti ọdún tó kọjá yóò wá dúró sí ẹnu ọ̀nà àwọn. Ó ní kí ló fẹ́ kí àwọn máa jẹ.

"Ọmọ wa ńkọ́?" ni ó bi í.

Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn rẹ̀ tó wà nínú yàrá náà, ó ṣí àpótí, ó mú àpò bébà náà dání.

"Ó máa lo oògùn rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó kú, ọmọ mi náà ni. Ṣùgbọ́n ìta ò gbọdọ̀ gbọ́ ikọ́. Oyún ni wọ́n ti ń pè é, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ oyún. Tí ikùn yẹn bá wálẹ̀, a máa ní oyún ló wálẹ̀."

"Tíṣà ńkọ́?"

"Tíṣà á rí ìyàwó mìíràn fẹ́."

Ó ní ọwọ́ òun ni oògùn náà yóò wà. Lójoojúmọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bá ṣì pa ẹnu mọ́, yóò wá gba ti ọjọ́ náà. Ó ka hóró ti òní sí i ní àtẹ́lẹwọ́, ó ti àpótí, ó jókòó padà sídìí okùn rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ yìí yóò ní ẹ̀yin kò ní gbà. Ó rọrùn láti sọ. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ di oògùn ọmọ yín mú lọ́wọ́, tí ìyókù wà lábẹ́ ibùsùn ẹlòmíràn.

Ìyá Oníwàrà bu omi, ó gbé e lọ bá Télọ̀. Ọmọ náà dìde jókòó nígbà tí ó rí oògùn.

"Bàbá ti gbà pé àìsàn ni?"

"Ó ti gbà," ni ìyá rẹ̀ wí.

Télọ̀ gbé oògùn náà mì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń di ojú fún kíkorò rẹ̀. Nígbà tó tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ti pẹ́ tí ojú rẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní òun yóò ránṣẹ́ sí tíṣà kí ó má gba gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ fún un gbọ́. Ó ní bóyá òun lè parí aṣọ oníbàárà yẹn pàápàá, ó ti ń ti òun lójú. Ó wá béèrè pé wàrà ìrọ̀lẹ́ òun dà. Ìyá rẹ̀ ní kí ó má mu wàrà mọ́, ó ní kò bá oògùn mu.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, àwọn oníbàárà kó agolo àti ìgò wọn dé bí ìṣe wọn. Ìyá Oníwàrà gbé garawa sórí tábìlì níwájú ilé. Kò fiyè sí ohun tó ń gbé, gbogbo rẹ̀ ló kó jáde, títí kan ife tí etí rẹ̀ búlúù. Eyínafẹ́ ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì ti sọ gbogbo ohun tó yẹ kí ó sọ kí àwọn kan tó dé. Bàbá Télọ̀ fara ti òpó ilẹ̀kùn. Nínú yàrá, lẹ́yìn fèrèsé, ẹ̀rọ ìránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó lọ díẹ̀, ó dúró, ó tún lọ. Onígbàjámọ̀ gbọ́ ọ, ó ní ẹ̀hẹ́n, Télọ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló wà níwájú, ó di àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ọmọbìnrin kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ó sún mọ́ tábìlì.

"Ìyá Oníwàrà, ẹ má bínú o. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ìta. Ṣé oyún ni lóòótọ́?"

Gbogbo wọn na ọrùn, agolo wọn lọ́wọ́ wọn. Ìyá Oníwàrà wo ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ń wo ojú ọ̀run bí ẹni pé ó ń retí òjò.

"Oyún ni," ni Ìyá Oníwàrà wí.

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Kò tún lọ mọ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kan ní Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àwọn kan ní ó mà ṣe fún tíṣà yẹn o, ọmọ dáadáa ni. Onígbàjámọ̀ ní òun ti mọ̀. Ìyá Oníwàrà ń wọn wàrà, agolo ń lọ, agolo ń bọ̀, kò gbé ojú sókè sí fèrèsé.

"Ẹ fi ife yẹn bu díẹ̀ fún ọmọ mi," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí. Ojoojúmọ́ ni ọmọ náà máa ń mu díẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó lọ, ó ti na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ìyá Oníwàrà mú ife náà. Ó mú un dání. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun se wàrà náà fún un díẹ̀ lórí iná. Ẹ̀rín sọ. Onígbàjámọ̀ béèrè pé ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣé obìnrin tó fi àwọn tó ń se wàrà ṣẹ̀sín títí wọ́n fi kó kúrò ní òpópónà yìí ni. Ẹlòmíràn bá a polówó ọjà rẹ̀ pé wàrà tí ò fojú kan iná. Bàbá Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín níbi òpó ilẹ̀kùn.

"Ó ti rẹ ìyàwó mi ni, ilé ìwòsàn ló ti ń bọ̀," ni ó wí. Ó fi ọwọ́ kan àpò tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. "Ìyá wọn, bu wàrà fún ọmọ."

Ó bu ú. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì gbá ife mú, ó gbé e sẹ́nu, imú rẹ̀ wọ inú ìfófòó. Láti ẹ̀yìnkùlé ni Pupa ti wúkọ́. Ó wú u pẹ́, ó gbé e láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó dúró, ó tún wú u. Ìyá Oníbúrẹ́dì yíjú síbẹ̀.

"Ta ló ń wúkọ́ nílé yín?"

Ìyá Oníwàrà tẹ̀ síwájú, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ìfófòó kúrò lẹ́nu ọmọ náà.

"Kò sẹ́ni tó ń wúkọ́ nílé wa," ni ó wí.